Èènì Tí Ó Di Owó Oṣù: Láti Ọkọ̀ Apapa Dé Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Òde Òní

Ẹni tó bá dé Sábó ní Ṣágámù yóò rí obì kí ó tó rí ohun mìíràn. Àwọn oníṣòwò Haúsá tó wá ra obì ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ló sọ àdúgbò náà di ibùgbé. Obì ni wọ́n ń ṣà, obì ni wọ́n ń dì, obì ni wọ́n ń kó sórí tírélà lọ sí òkè Ọya títí di òní. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọjá níbẹ̀ kò mọ̀ ni pé ojú òkun ni gbànja gbà wọ Èkó kí ó tó di ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, láti Gold Coast tí a ń pè ní Gánà lónìí ni ọkọ̀ òkun ti ń kó o wá, tí àwọn Haúsá Èkó sì ń gbà á lọ sí òkè. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Agége, Abẹ́òkúta àti Rẹ́mọ gbin tiwọn, tí igi náà sì so, obì inú ọkọ̀ òkun bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ akẹ́rù gba iṣẹ́ náà mọ́ ọkọ̀ òkun lọ́wọ́.

Ọkọ̀ òkun tún ti padà sí Sábó lọ́nà mìíràn. Ìkéde iṣẹ́ inú ọkọ̀ ìgbafẹ́, ìyẹn àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń gbé èrò káàkiri àwọn erékùṣù Caribbean àti etíkun Yúróòpù, ń dé orí fóònù àwọn ọ̀dọ́ ní gbogbo ìlú wa. Owó dọ́là, oúnjẹ ọ̀fẹ́, ibùsùn ọ̀fẹ́, àti ẹ̀bùn láti ọwọ́ èrò ni wọ́n máa ń fi polówó rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo irú ìkéde bẹ́ẹ̀ ni irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí wọ́n fi ń fa ojú ènìyàn mọ́ra yẹn ní ìtàn, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì ti wà nínú ìtàn náà fún ohun tó lé ní ọgọ́rin ọdún.

Gbogbo ẹni tó ti ra gàárì rí ló mọ èènì. Lẹ́yìn tí a bá ti wọn ọjà tán, tí iye rẹ̀ sì ti pé, ni olùtajà yóò bu díẹ̀ lé e. Kò sí ìyá ọlọ́jà tí yóò sọ fún oníbàárà pé kí ó máa mú èènì lọ, kí ó sì gbàgbé kóńgò tí ó sanwó rẹ̀. Owó tí èrò ń fún òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀, tí àwọn kan ń pè ní dáàṣì, èènì ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí a tọ́jú dáadáa fi ìmoore lé orí owó tí agbanisíṣẹ́ ti san. Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí agbanisíṣẹ́ bojú wo èènì náà, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á mọ́ owó tí òun fúnra rẹ̀ jẹ.

Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tí orúkọ rẹ̀ tàn jù ní etíkun wa ni Elder Dempster, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Liverpool ní ọdún 1868. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ẹ̀yà Kru, ọmọ etíkun Làìbéríà tí ọ̀pọ̀ wọn tẹ̀dó sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró, ni ilé iṣẹ́ náà ń gbà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn ló ń fi ọkọ̀ kékeré gbé ẹrù la ìgbì já níbi tí kò sí èbúté, àwọn ló sì ń da èédú sínú iná ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀, nínú ooru tí òyìnbó ní ara òun kò gbà. Èyí tó bá sì dé Liverpool kò dé ibi ìsinmi. Ní oṣù kẹfà ọdún 1919, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ti ojú ogun dé tí iṣẹ́ sì ṣọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ èrò òyìnbó dìde sí àwọn adúláwọ̀ ìlú náà. Wọ́n lé ọ̀dọ́mọkùnrin atukọ̀ kan tó ń jẹ́ Charles Wootton dé etí omi ní èbúté, inú omi náà ló sì kú sí. Ní ọdún 1925, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí atukọ̀ adúláwọ̀ tí kò bá lè fi ìwé hàn pé ọmọ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni òun lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá gẹ́gẹ́ bí àjèjì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lóòótọ́. Ìwé ni wọn kò ní, nítorí pé kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ìwé nígbà tí wọ́n ń wọ inú ọkọ̀.

Ogun Àgbáyé Kejì ló sọ Èkó di ibi tí Elder Dempster ti ń gba atukọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Owó ló fà á. Iye tí wọ́n ń san fún ẹni tó bá buwọ́ lùwé ní Èkó kéré gan-an sí ti ẹni tó buwọ́ lùwé ní Liverpool, bẹ́ẹ̀ sì ni inú ọkọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Àlàyé àwọn ọ̀gá ni pé oúnjẹ àti ilé kò wọ́n ní Èkó bí wọ́n ṣe wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà, owó díẹ̀ tó ọmọ Èkó. Kí òǹkàwé fi ọkàn sí àlàyé yìí, nítorí pé yóò tún jẹyọ níwájú. Ikú kò bá ẹnikẹ́ni ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì rì Accra ní oṣù keje ọdún 1940. Bàálù wọn ju bọ́ǹbù lu Apapa ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Abosso sì bá omi lọ ní oṣù kẹwàá ọdún 1942 pẹ̀lú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ èrò Elder Dempster ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láàrin ọdún 1940 sí 1942, àwọn atukọ̀ Áfíríkà ilé iṣẹ́ náà da iṣẹ́ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nítorí owó, láìka pé ìgbà ogun ni, tí ìjọba sì lè ka ìdaṣẹ́sílẹ̀ sí ọ̀tẹ̀.

Nígbà tí ogun parí, ilé iṣẹ́ náà kan ọkọ̀ tuntun, ó sì fi orúkọ àwọn tó rì sọ wọ́n. Accra tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1947, Apapa tuntun tẹ̀ lé e ní 1948. Ní 1951 ni Aureol dé, òun ló tóbi jù nínú wọn. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá tọ́ọ̀nù, orúkọ òkè kan ní Freetown ni wọ́n sì fi pè é. Ọkọ̀ funfun yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbàlagbà wa wọ̀ lọ kàwé. Ìrìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni láti Liverpool dé Èkó, yóò yà ní Las Palmas, ní Freetown àti ní Takoradi. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn, àwọn oníṣòwò òyìnbó, àwọn tó ń lọ kọ́ iṣẹ́ òfin àti ìṣègùn, gbogbo wọn ló jókòó jẹun nínú rẹ̀. Ìtàn ìrìn-àjò wọn kún inú ìwé. Ìtàn ẹni tó gbé àwo wá síwájú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sí.

Nínú ọkọ̀ èrò nígbà náà, iṣẹ́ pín sí mẹ́ta. Àwọn kan wà lókè, níbi okùn, ọ̀dà àti ẹrù. Àwọn kan wà nísàlẹ̀, nídìí ẹ̀rọ. Àwọn kan sì wà láàrin, tí wọ́n ń se oúnjẹ, tí wọ́n ń gbé e fún èrò, tí wọ́n ń tẹ́ ibùsùn, tí wọ́n ń fọ aṣọ. Ẹ̀bùn kò kan àwọn ti òkè, kò sì kan àwọn ti ìsàlẹ̀. Ẹni tó wà láàrin nìkan ni ó ń bá èrò pàdé, òun nìkan ni èrò sì ń rántí ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò dé èbúté. Kò yani lẹ́nu pé ẹ̀bùn di ohun tó ń ya àwọn òṣìṣẹ́ nípa. Ẹni tó ń retí owó lọ́wọ́ èrò kì í fẹ́ pariwo kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Yóò rẹ́rìn-ín sí ẹni tó bú u, nítorí pé ọwọ́ ẹni tó bú u ni èyí tó pọ̀ nínú owó ìrìn-àjò náà wà. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ, tí kò retí nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ni ẹnu rẹ̀ kì í wọ́n.

Síbẹ̀, inú ọkọ̀ èrò ni ìjà tó lókìkí jù ti bẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1959, nígbà tí Apapa wà ní Liverpool, àwọn atukọ̀ Nàìjíríà inú rẹ̀ da iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀sùn wọn kò dá lórí owó oṣù nìkan. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan àwọn ọ̀gá òyìnbó pé wọ́n ń fi ojú àwọ̀ wo àwọn. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa owó àfikún iṣẹ́, nípa ibi tí wọ́n ń sùn, nípa ọ̀nà tí a gbà ń pàṣẹ fún àgbàlagbà bí ẹni ń pàṣẹ fún ọmọdé. Òmìnira ku ọdún kan. Ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀, Nigerian Union of Seamen, tí Sidi Khayam jẹ́ aṣáájú rẹ̀, mú ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìjọba ní Èkó, ìjọba sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kan kalẹ̀ lórí ìjà láàrin Elder Dempster àti ẹgbẹ́ náà. Ìròyìn ìgbìmọ̀ náà jáde ní ọdún 1959 yẹn kan náà.

Bí a bá wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ohun kan hàn tí kò hàn ní ìgbà ogun. Ní 1940, owó ni atukọ̀ ń bèèrè. Ní 1959, atukọ̀ ti ń wo ara rẹ̀ bí ọmọ orílẹ̀-èdè tí ń bọ̀ wá dá dúró, kò sì gbà mọ́ pé kí ẹnikẹ́ni pe òun ní ọmọkùnrin nígbà tí òun ní ìyàwó àti ọmọ nílé. Àwọn olóṣèlú Èkó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Àwọn atukọ̀ sọ ọ́ ní èbúté ìlú àjèjì, níbi tí wọ́n ti lè fi iṣẹ́ wọn dí i.

Ọdún 1959 náà ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Nàìjíríà sílẹ̀, Nigerian National Line, tí ó padà di Nigerian National Shipping Line. Ìjọba ní ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún, Elder Dempster ní 33, Palm Line ní 16. Ní 1961, ìjọba gba gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ wá ń jẹ́ Dan Fodio, ó ń jẹ́ King Jaja, ó ń jẹ́ Nnamdi Azikiwe. Àwọn atukọ̀ rò pé ìyà tán, wọn kò sì ṣàṣìṣe láti rò bẹ́ẹ̀. Fún ìgbà kan, ó dára fún wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú ilé atukọ̀ dúró ní Èkó kì í ṣe owó oṣù. Òwò ni. Wọ́n ń ra fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n, táyà àti ọkọ̀ àlòkù ní èbúté Yúróòpù, wọ́n ń kó o wálé tà. Owó oṣù jẹ́ ohun tí ń gbé wọn dé ibi tí ọjà wà. Èyí pẹ̀lú jẹ́ èènì: kì í ṣe ti èrò, ti ojú òkun ni; bí ó sì ti ń wọlé, kò sẹ́ni tó bìkítà láti béèrè iye tí iṣẹ́ gan-an tọ́ sí.

Ilé iṣẹ́ náà wó díẹ̀díẹ̀. Gbèsè mú kí wọ́n máa dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró ní èbúté òkèèrè, pẹ̀lú àwọn atukọ̀ nínú wọn. Ní ọdún 1995, ìjọba pa á tì. Àwọn tó ti lo ọgbọ̀n ọdún lórí omi wá sílé láìní owó ìfẹ̀yìntì tó tó nǹkan. Ọkọ̀ èrò ti lọ ṣáájú wọn: Accra àti Apapa kúrò lójú òkun Èkó ṣáájú ọdún 1970, nítorí pé bàálù ti gba èrò. Aureol ló kẹ́yìn. Ó kó kúrò ní Liverpool lọ sí Southampton ní 1972, ó sì dáwọ́ dúró ní 1974.

Ohun kan wà nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn akọ̀ròyìn kì í sábà mẹ́nu bà. Ní ọdún 1976, ilé aṣòfin wọn ṣe òfin tó lágbára lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ àti ìran. Òfin kan náà, ní apá kẹsàn-án rẹ̀, yọ atukọ̀ tí a gbà síṣẹ́ láti òkèèrè sílẹ̀. Ẹni tí a gbà ní Èkó, ní Freetown tàbí ní Bombay, a lè san owó tó kéré fún un, kò sì lòdì sí òfin. Wọ́n fi òfin lé àlàyé ìgbà ogun yẹn lórí, àlàyé pé owó díẹ̀ tó ọmọ Èkó, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Nígbà tí Aureol ń parí iṣẹ́, irú ọkọ̀ èrò mìíràn ti ń jí ní Miami. Àwọn tó ń wọ̀ ọ́ kò lọ síbì kankan. Ìgbafẹ́ ni wọ́n wá. Royal Caribbean bẹ̀rẹ̀ ní 1968, Carnival ní 1972. Ará Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú èrò wọn, èbúté Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ wọn ti ń gbéra, ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin, Panama ni wọ́n ti forúkọ Carnival sílẹ̀, Làìbéríà sì ni ìwé Royal Caribbean wà. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí dé yẹ kí ó pa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lẹ́rìn-ín, bí kò bá pa á lẹ́kún. Làìbéríà, ilẹ̀ àwọn Kru tó da èédú fún Elder Dempster, ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ fún gbogbo ayé ní 1948. Ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń darí rẹ̀ lónìí. Ọkọ̀ tó bá gbé àsíá Làìbéríà, Panama tàbí Bahamas, òfin iṣẹ́ àsíá náà ló ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà.

Inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni èènì ti gba ipò ọjà. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tú u síta pé dọ́là 50 lóṣù ni àwọn ilé iṣẹ́ kan ń san fún ẹni tó ń tún yàrá ṣe tàbí tó ń gbé oúnjẹ. Ìyókù di ọwọ́ èrò. Lónìí, èrò kì í fi owó sínú àpòòwé mọ́ ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ilé iṣẹ́ ń kọ ọ́ mọ́ owó tí yóò san, nǹkan bíi dọ́là 16 sí 20 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Nínú ọkọ̀ tó gbé 5,000 èrò, dọ́là 16 lórí ẹnì kan jẹ́ 80,000 lójúmọ́. Ilé iṣẹ́ ló ń gbà á, ilé iṣẹ́ ló ń pín in, òṣìṣẹ́ kì í sì í mọ bí wọ́n ṣe pín in. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, èrò tún lè lọ bá wọn ní tábìlì kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó ń san owó oṣù òṣìṣẹ́ wá di ẹni tó lè pinnu ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ń lọ pé òun kò san mọ́.

Àwọn ilé iṣẹ́ máa ń dáhùn pé owó náà pọ̀ ju ohun tí òṣìṣẹ́ lè rí nílé rẹ̀, ní Philippines, ní Íńdíà tàbí ní ibòmíràn. Òótọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Àlàyé Elder Dempster náà ni. Ọkọ̀ kan wà tó fi hàn pé kì í ṣe omi ló fà á: Pride of America, tí ń yípo Hawaii. Nítorí pé kò kúrò láàrin èbúté Amẹ́ríkà, àsíá Amẹ́ríkà ló gbọ́dọ̀ gbé, ará Amẹ́ríkà ló sì gbọ́dọ̀ pọ̀ jù nínú òṣìṣẹ́ rẹ̀, lábẹ́ òfin owó iṣẹ́ Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ni ín pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ tó gbé àsíá Bahamas. Ibùsùn tí wọ́n ń tẹ́ nínú rẹ̀ kò yàtọ̀.

Ní ọdún 2006, ní Geneva, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbé àdéhùn kan kalẹ̀ lórí iṣẹ́ ojú omi. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní oṣù kẹfà ọdún 2013, ó sì di òfin lágbàáyé ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Ó ṣe àǹfààní púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń lọ ka iye rẹ̀. Orílẹ̀-èdè lè yàn láti fi wákàtí ìsinmi ṣe òṣùwọ̀n: ó kéré tán, 10 láàrin wákàtí 24, àti 77 láàrin ọjọ́ méje. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Bí a bá yọ 77, ó ku 91. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ gbà kí ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 91 lọ́sẹ̀. Àjọ náà tún ń kéde owó oṣù tó kéré jù fún atukọ̀ tó ti mọṣẹ́, dọ́là 673 ni ó jẹ́ ní ọdún 2025. Ti atukọ̀ ni, kì í ṣe ti ẹni tó ń gbé oúnjẹ. Nígbà àrùn Kòrónà ní 2020, tí èrò sọ̀ kalẹ̀ tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì há sínú ọkọ̀ fún oṣù púpọ̀ láìsí èbúté tó gbà wọ́n, a rí ohun tí ẹ̀bùn jẹ́: kò sí èrò, kò sí ẹ̀bùn, ọ̀pọ̀ wọn kò sì rí owó oṣù gbà.

Fún ọmọ Ṣágámù tí ìkéde bá dé bá, apá mìíràn nínú àdéhùn náà ló ṣe pàtàkì jù. Kò sí aṣojú tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó lọ́wọ́ atukọ̀ nítorí pé ó bá a wáṣẹ́. Owó tí atukọ̀ lè san fúnra rẹ̀ kò ju ti àyẹ̀wò ara tí òfin béèrè, ti ìwé atukọ̀ àti ti ìwé ìrìnnà lọ. Ti físà jẹ́ ti ọlọ́kọ̀. Ọlọ́kọ̀ náà ni yóò san owó ìpadàsílé bí àdéhùn bá parí. Kí ènìyàn tó buwọ́ lùwé, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un láyè láti ka ìwé àdéhùn náà, kí ó sì mú un lọ bá ẹni tó lè là á yé e. Iye owó oṣù gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Aṣojú tó bá ń béèrè ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún náírà ṣáájú ìwé yẹn, NIMASA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ ojú omi ní Nàìjíríà, ni ibi tí a ti ń mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ.